Ẹ̀kọ Mímu fún Bẹ́ẹ̀dì Òfìfo

Òórùn oògùn apakòkòrò pẹ̀lú òórùn ṣọ́ọ̀kì ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí àkókò náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni ìjọba gbà fún wa lójú ọ̀nà Òjòkú, lẹ́yìn ìlú Ọ̀fà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná ń jà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ jókòó sílé, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì sínú kíláàsì, wọ́n bupá fún àwa nọ́ọ̀sì mẹ́ta, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí nu pátákó ìkọ̀wé. Bí àwọn aláìsàn ṣe dùbúlẹ̀, ìṣirò ni wọ́n ń wò. Àwọn tí ara wọn bá ti ń yá máa ń jiyàn lórí ìdáhùn rẹ̀ títí a ó fi pariwo mọ́ wọn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà, mo sì gbà pé ohun tí n kò bá mọ̀, kò sí nínú ayé. Àrùn náà ní orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Ọba ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí Ọba bá sì wọ ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ráhùn, ọpẹ́ ni yóò máa dá kí inú má baà tún bí Ọba. N óò bi ìyá ọlọ́mọ kan pé, "Ṣé ara rẹ̀ ti tutù?" Yóò ní, "A dúpẹ́." "Ṣé ó bì lánàá?" "A dúpẹ́." "Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́!" "A dúpẹ́ gan-an ni, Nọ́ọ̀sì." Lọ́jọ́ kan mo kó gbogbo wọn jọ, mo dúró níwájú pátákó, mo sì kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo parí, mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn.

Sístà ni ọ̀gá wa, obìnrin gíga kan tó ń fọ ọwọ́ kó tó rẹ́rìn-ín, tó sì tún ń fọ̀ ọ́ tó bá rẹ́rìn-ín tán. Ẹnì kejì mi jẹ́ ará Ìjàgbò, ọmọbìnrin tó lè sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìmu omi. Ìyá àgbà kan ló ń dáná fún wa. Àrùn náà ti ṣe é nígbà èwe rẹ̀, àpá rẹ̀ kún ojú rẹ̀, kò sì lè mú un mọ́. Ìdílé rẹ̀ ló ń bọ Ọba láti ìrandíran, nítorí náà òun ló mọ gbogbo èèwọ̀ rẹ̀.

Ọmọdébìnrin kan wà tí wọ́n gbé wá láti oko, tí kò lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò sì sí òbí tó tẹ̀ lé e. Ará Ìjàgbò ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà kì í mu ẹ̀kọ àfi bí ará Ìjàgbò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tó sì fajú ro bí ẹni mu ewúro. Nígbà náà ni yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì mu ún tán. Ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀ ká tó bá òkú rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ará Ìjàgbò la ẹnu láti ké, Ìyá sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Pa á mọ́ra! A kì í sunkún ẹni tí Ọba mú lọ. Ṣé o fẹ́ kó padà wá mú àwọn tó kù ni? Dúpẹ́!"

Ọmọ ìjọ ni Sístà, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà rárá. Òun àti Ìyá kò tíì fohùn ṣọ̀kan rí, títí kan iye iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dáhùn láti ẹ̀yìn wa pé, "Òótọ́ ni Ìyá sọ. Nọ́ọ̀sì kì í sunkún nínú yunifọ́ọ̀mù."

Ará Ìjàgbò gbé ẹkún náà mì. Ó ní, "A dúpẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì òfìfo yẹn. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá bi í bóyá ó sùn, yóò ní a dúpẹ́. Bí mo bá bi í bóyá nǹkan ń ṣe é, yóò ní a dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì kò tó. Télọ̀ kan, àgbàlagbà Mùsùlùmí láti Ọ̀fà, ń sùn lórí ẹní nílẹ̀. Ó tọrọ bẹ́ẹ̀dì náà, ará Ìjàgbò sì sọ fún un pé ènìyàn wà níbẹ̀. Bàbá náà fara dà á fún ìgbà díẹ̀ kó tó pè mí.

"Nọ́ọ̀sì, n kò bá ọmọ yẹn jà o. Ṣùgbọ́n ṣé kò lè sún díẹ̀ fún mi ni?"

"Bàbá Télọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un kó sún."

Obìnrin tó dùbúlẹ̀ nítòsí rẹ̀ pòṣé. "Ojú kò ti Bàbá yìí! Àgbàlagbà ń bá ọmọdé du bẹ́ẹ̀dì!"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sístà pè mí sẹ́yìn ilé, ẹ̀rín tán. Ó ní Dókítà ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ kejì láti wá wo iṣẹ́ wa. "Bó bá rí i tó ń gbé ẹ̀kọ fún bẹ́ẹ̀dì, ilé àwọn tí orí wọn dàrú ló máa ní kí wọ́n mú un lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì parí fún un nìyẹn." Mo gba ilé ìdáná lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sunkún."

"Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? A kì í sunkún ẹni tí Ọba mú lọ."

"Ó máa ya wèrè, Ìyá."

Ó ń ko iná, kò wò mí. Ó ní, "Ṣé mo ní kó má gé àlùbọ́sà ni?"

Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́ kejì ni ó yé mi. Ìyá gbé odindi agbọ̀n àlùbọ́sà sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ará Ìjàgbò jókòó, ó sì fi ọbẹ lé e lọ́wọ́. Ará Ìjàgbò gé ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó gé òmíràn, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Nígbà tó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ó fi igbe kan ta tí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi.

"Ó ń ta ọ́ lójú, àbí?" ni Ìyá wí.

"Ó ń ta mí, Ìyá!"

"Gé òmíràn."

Mo mú ọbẹ kí n lè bá a kẹ́gbẹ́, èmi náà sì bú sẹ́kún. Sístà sáré jáde. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ọbẹ̀ là ń sè," ni Ìyá wí.

Sístà wo agbọ̀n àlùbọ́sà náà, ó wo ojú ará Ìjàgbò. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà nọ́ọ̀sì lórí, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀ka igi, ó jókòó, ó sì ní ká fún òun ní ọbẹ. Télọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ ju ẹyọ kan sí mi o!" Mo jù ú sí i.

Báyìí ni Dókítà ṣe bá wa.

"Ta ló kú?" ló bi wá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, sà," ni Ìyá dáhùn. "Àlùbọ́sà ni."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Aláìsàn pọ̀, sà. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀."

Dókítà wo Télọ̀ tó ń sunkún lójú fèrèsé. "Ṣùgbọ́n kò tíì bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Tirẹ̀ ló le jù, sà."

Dókítà wọlé, a tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e tààrà lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà, níbi tí kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ àárọ̀ wà. "Ta ló ni èyí?" Mo ṣì ń wá irọ́ tí n óò pa. Ará Ìjàgbò jáde láàrin wa, ó gbé kọ́ọ̀pù náà.

"Ọmọ kan ló ni ín, sà. Ó ti kú."

Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹnì kan kú rí nínú ilé yẹn. Ìyá di ojú, ètè rẹ̀ ń yára mì bí ẹni tó ń bẹ Ọba. Dókítà bèèrè orúkọ ọmọ náà. Ará Ìjàgbò sọ ọ́, ó sọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó sọ bó ṣe ń mu ẹ̀kọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró, títí Dókítà fi wá àga jókòó. Ó fi áńkáṣífì nu ojú, ó ní àlùbọ́sà Ọ̀fà le púpọ̀. Kò sọ ohun kankan nípa ilé àwọn tí orí wọn dàrú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Télọ̀ gun bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sùn sí, ó fi àyè ìyókù sílẹ̀.

Ará Ìjàgbò ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi di ìyá àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, onígbáméjì dé, ó sì jẹ́ pé èmi ni Sístà nígbà náà, tí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké wà lábẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n bọ́ fìlà, kí wọ́n jókòó, mo sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, ta ló kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lónìí, irú ènìyàn wo sì ni? Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. Lẹ́yìn náà, èyí tó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.