Koríko Bẹẹrẹ fún Òrùlé Ilé Ìwé

Ọjọ́ ìtọrẹ ni bẹẹrẹ wọ̀ mí lọ́kàn, nílé ìwé tí olùkọ́ kan, ará Sàró, dá sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ọmọ mi ń kàwé níbẹ̀. Àwọn kan gbé owó ẹyọ wá, àwọn kan mú iṣu, òwú, tàbí epo àtùpà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan fi ọjọ́ kan po amọ̀ ògiri. Ọwọ́ mi ṣófo, ojú sì ń tì mí. Àfi bí bàbá àgbà kan ṣe sọ ìdì koríko kalẹ̀, tí olùkọ́ dìde kí i ju gbogbo wa lọ. Ògiri ti dúró, òrùlé ni kò sí. Bí òjò bá bá ògiri amọ̀ láìlórùlé, a padà di ẹrẹ̀, àwọn ọmọ a sì túká.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi ní bẹẹrẹ gígé. Bẹẹrẹ tó ga tó èèyàn ló dára. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti gbọn èso dànù la ń gé e. Mo máa ń tẹ ìdí rẹ̀ láàárín ìka: èyí tó bá rọ̀ ṣì lómi nínú, yóò jẹrà lórí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ń gbó náà ni àwọn ará Dàhòmì ń jáde ogun láti wá kó wa lẹ́rú, òdìkejì odò Ògùn, lẹ́yìn odi ìlú, sì ni bẹẹrẹ tó dára wà.

Àwa obìnrin mẹ́sàn-án la gba ẹnubodè Arò jáde, a fẹsẹ̀ la odò kọjá. Ọdẹ kan gun àpáta, ó ń ṣọ́nà. Ìyá ọkọ mi wà lára wa; ó ní òun ò ní jẹ́ kí ìyàwó òun nìkan lọ kú sínú koríko. Kò sẹ́ni tó kọrin. Bí koríko bá ti mì, n ó dá dòjé dúró, n ó tẹ́tí.

A ti di ìdì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọdẹ sáré sọ̀ kalẹ̀, tó ń juwọ́ sí wa pé ká máa lọ. Èéfín ti yọ níwájú. A mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun a máa sun abúlé bí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn yòókù ju ìdì wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi gbé tirẹ̀ rù.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jù ú sílẹ̀."

"Mo ti fi tọrẹ. Ṣé tèmi ni, tí n ó fi jù ú nù? Gbé tìrẹ, ìyàwó."

Ẹnì kan ń sáré kọjá, ó ní, "Ìyá yìí fẹ́ lọ bolé fún wọn ní Dàhòmì."

Mo gbé tèmi. Koríko bò mí létí, ìró rẹ̀ dà bí ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn mi. Nínú odò, mo ń retí ọwọ́ léjìká mi. N ò wẹ̀yìn.

Aṣọ́bodè ló sọ fún wa pé àwọn ọdẹ tiwa ló ń sungbó lépa ẹran. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n iná náà dé ibi tí a ti ń gé koríko, ó jó ìdì méje tí wọ́n jù sílẹ̀, ó jó èyí tí a ò tíì gé. Ti àwa méjèèjì nìkan ló kù.

Bẹẹrẹ tí iná ò dé jìnnà sí odi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ la ń lọ báyìí, àwa mẹ́rin tó gbà láti padà. Òjò àkọ́kọ́ ti ń ṣú. A ti bo yàrá àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀kan nínú yàrá mẹ́ta ilé ìwé náà. Pẹ̀lú èyí tí àwọn òbí mìíràn mú wá, ìdì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lórí rẹ̀ láàárọ̀ yìí.