Ọwọ́ Tí Sẹ́ńsọ̀ Kò Mọ̀ Mọ́

"Ṣé yìnyín ni ọkọ yín ń tà ni?"

Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí ojoojúmọ́ ló ń rí baálé mi tó ń jáde nínú oòrùn ganrínganrín, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lápá. Mo ní kì í tà á, inú ẹ̀ ló ń gbé.

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Gbọ̀ngàn kan tó tutù nini ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá síbẹ̀ ní ìlà ní ìlà bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Àwọn ẹ̀rọ yìí kì í sinmi, wọ́n sì máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn tútù fi ń fẹ́ sí wọn láti abẹ́ ilẹ̀. Baálé mi ló ń de sẹ́ńsọ̀ mọ́ wọn. Sẹ́ńsọ̀ kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Á wọn ooru ibi tó wà, á fi ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ̀rọ amúlétutù á sì mọ ibi tó yẹ kó fẹ́ sí. Bí wọ́n bá fi orúkọ ìlà kan pe òmíràn, ibi tó ti tutù tẹ́lẹ̀ ni atẹ́gùn á máa lọ, èyí tó ń gbóná á sì máa gbóná lọ títí tí yóò fi bàjẹ́.

Nítorí náà, wọ́n ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálé mi á fi àtẹ́lẹwọ́ bo sẹ́ńsọ̀ kan. Kò-ṣẹ́jú, ẹnìkejì rẹ̀, á máa wo kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó kángun sí i. Èyí tí ooru rẹ̀ bá gòkè ni Kò-ṣẹ́jú á kọ orúkọ ìlà tí baálé mi wà sí. Baálé mi ló sọ ọ́ ní Kò-ṣẹ́jú, nítorí bó ṣe máa ń ranjú mọ́ iṣẹ́. Òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà á. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ wọn lórí fóònù.

"Ó ti gòkè?"

"Ó ń gòkè bọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin tọ́wọ́ yín gbóná báyìí, ẹ ò bá máa bá wa lọ aṣọ."

"Ojú ẹ tó rún yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ̀."

Nígbà tó yá, ọkàn baálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ìka rẹ̀ dáadáa mọ́. Bó bá fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ara mi á bù rìrì. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́."

"Kí wọ́n lè ní kí n lọ jókòó sílé? Ìyá ọmọ mi, ọjọ́ tí mo bá jókòó, ó tán nìyẹn."

Kò sọ. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun. Ó di sẹ́ńsọ̀ kan mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní ooru tó lè mú un gòkè. Lásìkò yẹn gan-an ni wọ́n tan ẹ̀rọ kan ní ìlà tó tẹ̀ lé e, sẹ́ńsọ̀ tibẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, Kò-ṣẹ́jú sì kọ ọ́. Bí orúkọ ìlà méjèèjì ṣe pààrọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ni wọ́n tó mọ̀.

Máníjà béèrè ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà. Kò-ṣẹ́jú ní òun ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Baálé mi wọlé, kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe ojú ẹ̀." Ó ní òun máa lọ bá máníjà. Ó ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la ń di ọ̀la, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́, títí di àárọ̀ tí mo bá a lórí àga, tó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, tí kò sí mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn ni ì bá lọ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi láyé yìí.

Lẹ́yìn tá a sin ín, mo lọ bá máníjà, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní kí Kò-ṣẹ́jú padà wá. Mo wá Kò-ṣẹ́jú lọ. Iwájú ilé ló wà, ó ń tú fáànù. Mo fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá! Ẹ fẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni?"

Mo sọ fún un pé ọwọ́ baálé mi ló fà á, ó ní, "Mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ wọn tutù àfi bíi páìpù omi. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ pẹ́ kó tó gòkè, mo rò pé ọwọ́ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n tún un dì mú. Ojú ló ń tì mí fún wọn."

"Nígbà tí wọ́n wá ń lé ẹ ńkọ́?"

"Ṣé kí n wá la ẹnu pé ọ̀gá mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

Mo ní wọ́n ti ní kó padà wá. Ó wo abẹ fáànù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí n wá máa bá ta ni ṣe é, Màmá?"

Mo rò pé àforíjì ni baálé mi jẹ ẹ́. Mo tọrọ ìyẹn, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n Kò-ṣẹ́jú fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí baálé mi lè kú lẹ́nu iṣẹ́, kó má kú sórí ibùsùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń san ìyẹn. Mi ò tíì san án.