Ìbíkúnlé, Ẹni Tí Kì Í Fẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Fa Ènìyàn Sẹ́yìn

Ní nǹkan bí ọdún 1982, kò sí ẹni tó ń fi alùpùpù kérò ní Sábọ́n Gàrí, ní ìlú Kánò, tí kò mọ ìsọ̀ Ìbíkúnlé mẹkáníìkì. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ìsọ̀ náà wà, lábẹ́ igi dógóńyárò kan. Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí ó ti lè máa wo ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń ránṣọ.

Iṣẹ́ tí gbogbo mẹkáníìkì ń ṣe náà ni Ìbíkúnlé ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù rí yóò mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá ń sáré bọ̀, tó ṣàdédé dá ọwọ́ iná tó fi ń sáré padà, ẹ́ńjìnnì á di táyà ẹ̀yìn mú, á máa fà á sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹnìkan bá di ènìyàn láṣọ mú. Lórí títì gbígbẹ, kò ṣe nǹkan. Lórí yanrìn Kánò, tàbí lórí ọ̀nà tí òjò pa, táyà á yọ̀, ẹni tó gùn ún á bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ìfàsẹ́yìn yìí ni Ìbíkúnlé kórìíra. Kò sí alùpùpù tó wọ ìsọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe gílóòbù nìkan ló kú lára rẹ̀, tí kò ní wo ti ìfàsẹ́yìn mọ́ ọn, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Á yọ kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tí ṣéènì ń bá yí níwájú, á fi èyí tí eyín rẹ̀ fi ọ̀kan jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Á tún ṣéènì dè, kí ó má le jù, kí ó má sì dẹ̀ jù. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á fi ìkejì wò ó bóyá táyà ẹ̀yìn tọ ipa ti iwájú. Lẹ́yìn èyí ni yóò tan ẹ́ńjìnnì, tí yóò tẹ etí sí i, tí yóò máa yí síkúrù kàbúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi lè máa mí fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá ọwọ́ iná padà, láìgbé táyà mì.

Bí ó bá ń tẹ́tí báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á wà lórí síláńsà. Àpèkẹ́ ti rí i tí omi ta sórí síláńsà bẹ́ẹ̀ tó gbẹ kí ojú tó ṣẹ́. Ìbíkúnlé kì í gbé ọwọ́ kúrò.

"Haba, ọ̀gá!" Ṣàràfá ló ń pariwo lọ́jọ́ kan, akérò kan tó máa ń ti Tarauni wá. "Ṣé ọwọ́ lẹ gbé síbẹ̀ yẹn ni, àbí máṣà lẹ̀ ń dín? Ẹ yí i padà o, ẹ̀gbẹ́ kan ti jinná!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìbíkúnlé gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń wò ó bí ohun tí ẹlòmíràn gbé fún un pé kó bá òun dì mú. Àpá kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn ni pé kì í gun alùpùpù. Bí ó bá tún un ṣe tán, alálùpùpù ni yóò gùn ún wò. Òun á dúró, á máa gbọ́ ìró rẹ̀ títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀.

Àpèkẹ́ fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Kì í lu obìnrin, kì í mutí, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ṣùgbọ́n oyún Àpèkẹ́ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, kò sì tíì mọ ará ilé ọkọ tí yóò wá sọ ọmọ lórúkọ. Kánò ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí, bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi kú. Síbẹ̀ ó mọ agbo ilé tí bàbá rẹ̀ ti wá. Bí ó bá bi Ìbíkúnlé ní tirẹ̀, èsì kan náà ni: "Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni." Kì í lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú kankan. Kì í ya fọ́tò.

Rose, tí wọ́n jọ ń gbé inú kọ́ńpáùn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. "Àpèkẹ́, ọkọ rẹ yìí, ṣé inú kátọ̀nù ni o ti tú u ní ọjà Singer ni?"

"Rose, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Kátọ̀nù pàápàá máa ń ní àdírẹ́ẹ̀sì lára!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àpèkẹ́ dé egungun. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé bí Ìbíkúnlé bá ń sùn, "ulé" ló máa ń pe ilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, tí eruku bo oòrùn tó fi funfun bí ojú afọ́jú, ọkùnrin kan ti alùpùpù wọ ìsọ̀. Ìbíkúnlé kò sí nílé. Ó ti sọdá ojú irin lọ ra kẹ̀kẹ́ eléyín. Ọkùnrin náà kí Àpèkẹ́, ó ní Ọlákúnlé lorúkọ òun, òun wá ra aṣọ ní Kantin Kwari, onílé òun ló yá òun ní alùpùpù yìí.

"Ó ń fà mí sẹ́yìn jù, ìyàwó. Wọ́n ní ọ̀gá tó wà níbí mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mo fẹ́ tètè padà sí ulé."

Àpèkẹ́ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ìbejì ohùn ọkọ rẹ̀ nìyí. "Níbo nilé yín?"

"Ọ̀nà Èfọ̀n ni."

"Ará ibẹ̀ lọkọ mi! Ohùn yín ni ohùn rẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé oyún, tó dìde fìrì. Ọmọ Yorùbá wo ní Kánò ló máa rí ará ìlú ọkọ rẹ̀ tí kò ní fà wọ́n pọ̀? Ní àkókò náà gan-an ni Ìbíkúnlé yọ nínú eruku lápá kejì ojú irin. Àpèkẹ́ pariwo pè é: "Ẹ yára o! Ará ilé yín dé!"

Ọlákúnlé yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ti na ọwọ́. Ojú rẹ̀ pa dà kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wéré, ó kọ ẹ̀yìn sí ojú irin, ó kọjú sí ògiri, ó fa fìlà bo ojú.

"Ìyàwó, ta lẹ̀ ń pè?"

"Ọkọ mi ni. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn."

"N kò rí ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ ti kó sí mi lójú." Ó tún fa fìlà wálẹ̀ sí i. "Ẹ ní kí ọ̀gá wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibí ni n ó kọjú sí."

Ìbíkúnlé dúró pẹ́ láàárín irin méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó bọ̀. Òkúta tó wà lójú irin máa ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ náà, wọn kò dún. Ó kúnlẹ̀ ti alùpùpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ẹ jẹ́ kí n bá ògiri yìí sọ̀rọ̀," Ọlákúnlé wí. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan nílé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì ń gun alùpùpù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ó dá ọwọ́ iná padà, ẹ́ńjìnnì di táyà mú. Èmi wà lára àwọn tó gbé e wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú. Ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ la sin ín sí."

Sípánà dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Àwọn àgbà wa ní ẹni tí kò lo ọjọ́ rẹ̀ tán máa ń lọ lo ìyókù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Bí ará ilé bá rí i, tó pe orúkọ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Èmi kò rí ẹnikẹ́ni o. Orúkọ kankan kò sì ní jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta la jọ wá láti ilé. Òpópónà yìí làwọn méjì yòókù ń gbà lọ sọ́jà, wọn kò sì ní máa wo ògiri."

Àpèkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ló pariwo pe ọkọ rẹ̀ wá. Ìdùnnú ẹnu òun ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ òun.

Ẹ́ńjìnnì tàn. Ó ń mí jẹ́jẹ́. Ìbíkúnlé sún sẹ́yìn sí ẹ̀yìn igi. Ọlákúnlé fi ọwọ́ wá a kiri lẹ́yìn títí ó fi kan alùpùpù, ó gùn ún láìwẹ̀yìn. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ó dá ọwọ́ iná padà. Alùpùpù náà ń lọ geere bí ọkọ̀ ojú omi, kò sí ohun tó fà á. Àpèkẹ́ rí i pé èjìká ọkùnrin náà ń mì.

Nígbà tó yíjú, Ìbíkúnlé ti ń kó irinṣẹ́ sínú àpò.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí wọn kò ti mọ̀ mí."

"Ẹ dúró kí n di ẹrù mi."

Ó wò ó. "Àpèkẹ́, o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ."

"Mo gbọ́ ìtàn òkú kan," ni Àpèkẹ́ wí. Ó fi ọwọ́ di ikùn mú. "N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ń jẹ́ Ìbíkúnlé. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yìí, ó wúwo fún aboyún."

Ìbíkúnlé gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ńgúrù ni wọ́n wọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọjà tó kún. Rose ló sọ pé àwọn ọkùnrin méjì kan kọjá lọ́jọ́ náà, tí wọ́n dúró wo ìsọ̀ òfìfo náà díẹ̀, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní Ńgúrù ni Àpèkẹ́ bí ọmọkùnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn obìnrin Yorùbá mélòó kan tó wà nílùú náà wá kí i, wọ́n jókòó yí i ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbọ́ ohùn Ìbíkúnlé níta, ó dẹ etí.

"Ìyá ọmọ tuntun, ọmọ ìlú ibo lọkọ yín? Bóyá a bá ara wa tan."

Àpèkẹ́ kò gbé ojú kúrò lára ọmọ tó ń mu ọmú.

"Ọmọ Kánò ni," ó wí. "Sábọ́n Gàrí ni wọ́n bí i sí. Mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa."