Iyẹ̀pẹ̀ Oko Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi fi igi ọsàn kékeré méjì àti àpò iyẹ̀pẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi láti Iperindo. Bàbá mi ti kú nígbà náà, àwọn tó ń wa góòlù sì ti gbẹ́ oko bàbá mi dé ìdí ọsàn. Ilé àyágbé ni mo ń gbé l'Óṣogbo, sìmẹ́ǹtì ló kún iwájú ilé, ni mo bá gbìn wọ́n sínú ike ọ̀dà pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ náà. Mo gbà pé ilẹ̀ tó bí igi ni yóò wò ó dàgbà. Ọgbọ́n mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń já bọ́, ẹ̀rù bà mí pé ohun tó kù nínú oko bàbá mi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń ta igi ọ̀ṣọ́ lẹ́bàá títì. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun tipẹ́. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ náà sọ́wọ́, ó fún un pọ̀, ó ní níbo ni mo ti rí i. Mo sọ fún un.

"Wàláhì, ìwọ lo ń pa igi yìí," ló wí. "Amọ̀ lèyí, omi ò lè jò nínú ẹ̀. Ọsàn inú ike ò fẹ́ omi tó dúró. Wá yanrìn odò, èérún pákó tó ti jẹrà, àti ìgbẹ́ adìyẹ tó gbẹ, díẹ̀ báyìí. Jẹ́ n bá ẹ kó èyí lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà, mo sì kó o padà sínú àpò ìyá mi fún un. Mo tiẹ̀ súre fún un.

Nígbà tí ewé tuntun yọ, mo lọ dúpẹ́ láìránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó lóṣòó, ó ń fi abọ́ pẹrẹsẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń fọ góòlù ní Itagunmodi. Àpò ìyá mi ti ṣófo. Omi pupa ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló wí, bí ẹni pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dà mí, ó sì ń dùn mí di òní. Èyí tó burú jù ni pé òótọ́ ló sọ nípa iyẹ̀pẹ̀: ọsàn náà ń so dáadáa. Ìyá mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí ọ̀rẹ́ mi tó gba igi bàbá mi là. Mo máa ń ní yóò gbọ́.