Gbogbo Wa La Bo Etí Bàbá Fọ́mánì

Bàbá Fọ́mánì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, gbogbo wa ní sáìtì Lakowe la sì mọ̀. Kí n yáa sọ ọ́ báyìí, torí èmi kì í sọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n. Etí òsì ti lọ pátápátá. Etí ọ̀tún ń gbọ́ díẹ̀ bí ibi tí wọ́n wà bá pa rọ́rọ́, ibo ló sì ń pa rọ́rọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé? Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń bú, àwọn tó ń gé irin ò sinmi.

Èmi ni ẹnjiníà ibẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé inú mi kì í pẹ́ ru, pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ojú kúrò lára mi bí omi tó wà lórí gáàsì. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èèyàn tó wà ní sáìtì yẹn, Bàbá Fọ́mánì nìkan ni mi ò jágbe mọ́ rí. Àgbà ọkùnrin ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Ajah, Mùsùlùmí tí ìrun kì í kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí àwọn káfíńtà ń fi mí rẹ́rìn-ín pé obìnrin wo ló fẹ́ wá kọ́ àwọn níṣẹ́, òun ló bọ́ àṣíborí rẹ̀ tó kí mi níṣojú gbogbo wọn pé, "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀, ma." Bàbá tó lè bí mi! Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Láti ọjọ́ yẹn, òun ń fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ipò mi, èmi náà ń fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ orí wọn, kò sì sí káfíńtà kankan tó tún fi mí rẹ́rìn-ín.

Òun ló kọ́ gbogbo àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀ níṣẹ́: ọ̀gá káfíńtà, ọ̀gá àwọn tó ń tẹ irin, ọ̀gá bíríkìlà. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, Bàbá kò ní bú u. Yóò ní kó wá dúró ti òun, kí àwọn jọ máa wo iṣẹ́ náà, títí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ yóò fi rí ibi tó ti bà jẹ́. Bàbá á wá ní, "Ó ti yé ẹ. Tún un ṣe." Ó tán. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò tí ojú tì débi pé ó ń sunkún níbi tí wọ́n ti ń wo ògiri tó wọ́, tí kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Wọ́n fẹ́ràn Bàbá kọjá ẹnu sísọ. Èmi náà fẹ́ràn wọn.

Mi ò mọ ìgbà tí bíbò náà bẹ̀rẹ̀. Kí n tó fura, ó ti di ìṣe wa. Bí o bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀, wàá kọ́kọ́ yọjú sí wọn lápá ọ̀tún. Bí lébìrà tuntun bá wọlé, wọ́n á ti kìlọ̀ fún un pé, "Má pe Bàbá láti ẹ̀yìn o, wọn kì í fẹ́." Wọn kì í sọ pé Bàbá ò gbọ́. Bí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́sáláṣí abúlé, ọ̀gá irin á gbé búútà, á gba iwájú Bàbá kọjá; Bàbá á rí búútà, á dìde. Ní ọjọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn, ìyẹn pèpéle kọnkéré tó máa di ilẹ̀ fún àjà òkè, ọ̀gá bíríkìlà á dúró sí ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún wọn, á máa tún ohun tí gbogbo èèyàn bá wí wí, bí ẹni pé ẹnu ló kàn ń yún un. Bàbá kò sọ pé etí ń dá òun láàmú. Àwa náà ò sọ pé a mọ̀. Ojú rí, ẹnu dákẹ́. Iṣẹ́ sì ń lọ, kí n má purọ́.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí iléeṣẹ́ wa ṣe ní ọ́fíìsì wọn ní Lẹ́kkí Phase 1 fún gbogbo ẹni tó ń darí èèyàn. A jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù títí òtútù fi ń mú Bàbá. Wọ́n pín bírò, wọ́n pín mííti-páì. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù tó fún mọ́ ọn lára, ní kí a dìde ní méjì-méjì, kí ẹnì kan dijú kó ṣubú sẹ́yìn, kí ẹnì kejì gbá a mú. Ó ní ìyẹn ló máa fi hàn bóyá a fọkàn tán ara wa. Bàbá ò gbọ́ ọ̀kankan nínú gbogbo ohun tó wí, ojú mi ni wọ́n ń wò. Mo dìde, mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo ṣubú. Wọ́n gbá mi mú. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n bá wọn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà bọ́ síwájú. Ó ní kí gbogbo sáìtì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwa ará Lakowe, pé a kì í jà, a kì í sá níṣẹ́, a mọwọ́ ara wa bí ọmọ ìyá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó ní. Nítorí náà, Bàbá Fọ́mánì ni òun máa fi ṣe olórí ilé gíga tí a fẹ́ kọ́ ní Oniru, níbi tí kíréènì ti máa gbé irin gba orí èèyàn kọjá. Àtẹ́wọ́ tún ròkè. Mo wo Bàbá. Ẹnu ọ̀gá ni wọ́n tẹjú mọ́, wọ́n ń mi orí. Bí kíréènì bá gbé irin sókè, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kígbe, tí fọ́mánì kò gbọ́, òkú ni wọ́n máa gbé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn sáìtì. Mo ní, "Ta ló máa sọ fún Bàbá?"

Ọ̀gá irin ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Bó bá ti ẹnu yín jáde, á níyì."

Ọ̀gá bíríkìlà ní, "Káfíńtà ni kó lọ. Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù."

"Èmi kẹ̀!" Ọ̀gá káfíńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Bàbá tó lọ bá mi tọrọ ìyàwó! Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé etí yín ti di?"

Bí ó ṣe yẹ kí a sọ ọ́, kò sí àríyànjiyàn nípa ìyẹn. A máa pe Bàbá sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lọ á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi òwe lé e, á wá rọra sọ ọ́ kí etí ẹlòmíràn má gbọ́, kí àgbà lè gbé iyì rẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa nìyẹn, èmi náà ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó máa lọ nìkan la ò rí. Ọ̀gá irin wá dá a lábàá pé kí bíríkìlà kúkú bá Bàbá lọ sí Oniru, kó máa bá wọn gbọ́ ọ níbẹ̀.

Inú mi ru. "Etí ẹlòmíràn lẹ fẹ́ máa gbé kọ́ wọn lọ́rùn kiri? Bí bíríkìlà bá lọ tọ̀ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi bàtà tú iyanrìn. A tú ká.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, a da dẹ́kìn tó kẹ́yìn. Tipa iyanrìn kan há sẹ́nu géètì, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń pariwo, ọ̀gá bíríkìlà sì sáré lọ bá a. Bàbá wà lókè, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn lébìrà tó ru kọnkéré pé kí wọ́n máa dà á sí igun ọ̀tún. Èmi wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà wà lábẹ́ dẹ́kìn gan-an, ó ń yẹ àwọn ọparun tó gbé e dúró wò. Mo gbọ́ tí nǹkan là. Ọparun kan ti ya. Ọ̀gá káfíńtà fi èjìká ti pákó tó wà lórí rẹ̀, ó figbe ta: "Bàbá, ẹ dúró! Ẹ dá wọn dúró!"

Bàbá ń juwọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀.

"Bàbá o!"

Àwọn lébìrà gbọ́. Mo rí wọn tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọ́n tún ń wo ọwọ́ Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró nígbà tí Bàbá ní kó máa bọ̀? Wọ́n ń dà á.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àkàbà. Mo di apá Bàbá mú, mo fà wọ́n. Wọ́n rí ojú mi, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, gbogbo iṣẹ́ dúró. Àwọn kan sáré fi ọparun mìíràn ti dẹ́kìn náà, wọ́n fa ọ̀gá káfíńtà jáde. Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Orí ló yọ ọ́. Ó ń sọ fún mi pé, "Ẹ má sọ fún Bàbá pé mo pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀." Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ gbá a létí.

Bàbá sọ̀kalẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí kò pè mí?"

Mo sọ lọ́kàn mi pé ó dáa, jẹ́ kí n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo mú Bàbá lọ sẹ́yìn àwọn búlọ́ọ̀kù tí a tò jọ. Mo kúnlẹ̀. Mo rọra ní, "Bàbá, tótó ó ṣe bí òwe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí lẹ wí, Ẹnjiníà?"

Mo gbé ohùn sókè díẹ̀. "Mo ní ó pè yín, ẹ ò gbọ́."

"Ẹ̀n? Ta ló ń pè mí?"

Ẹ gbà mí o. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ohun tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò sí lábẹ́ igi, pé jẹ́jẹ́ ni ká sọ ọ́, ní kọ̀rọ̀, kò lè bá ẹni tí kò gbọ́ jẹ́jẹ́ mu. Kò sí kọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá máa sọ ọ́ fún Bàbá, gbogbo sáìtì ló máa sọ ọ́ fún. Wọ́n sì ti pa jẹnẹrétọ̀, ibi gbogbo dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wa.

Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, mo fi gbogbo agbára mi kígbe mọ́ Bàbá tó lè bí mi: "Ẹ ò gbọ́ràn mọ́! Ó pè yín, Bàbá! Ẹ ò gbọ́! Díẹ̀ ló kù kó kú!"

Omijé bọ́ lójú mi. Wọ́n gbọ́. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Mo rò pé mo fi pamọ́ fún yín ni."

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n padà lọ bá àwọn tó kù. Wọ́n wo èjìká ọ̀gá káfíńtà, wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí gbogbo wa. "Ta ló mọ̀ nínú yín pé etí mi ti lọ?"

Mo na ọwọ́ mi sókè, torí ojú wọn ló kù tí a lè bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá irin na tirẹ̀. Ọ̀gá bíríkìlà, tó ti sáré dé láti géètì, na tirẹ̀. Àwọn lébìrà, ìyá tó ń ta omi fún wa. Ọ̀gá káfíńtà na apá tó kù tó ṣeé nà.

Bàbá wò wá yíká. Ó wù mí kí wọ́n bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Gbogbo yín wà níbì kan. Èmi nìkan lẹ fi síta."

Èmi ni mo wa Bàbá lọ sí Lẹ́kkí lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n sọ fún ọ̀gá àgbà fúnra wọn pé etí àwọn ti lọ, àwọn ò lè lọ sí Oniru. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n wá mú ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, kó lọ dípò wọn. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ sókè fún Bàbá. Mo sọ ọ́ sókè.

Bàbá ní, "Wọ́n mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá mi dúró nígbà tí mo ń ṣìṣe. Ẹ má tíì fi ẹ̀mí èèyàn sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọ̀gá àgbà wò mí, bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ nǹkan. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń já àgbà ní koro ní ọ́fíìsì ọlọ́ọ́fíìsì. Mo dákẹ́.