Síríńjì Tí Ọmọ Mi Yàn fún Ekòló Rọ́bà

Ọwọ́ ọmọ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí ó bá wọlé. Kí ó tó kí mi tán, mo ti di ìka rẹ̀ mú, mo ti ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi ìwòsàn kékeré kan ní Odigbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mo ń se abẹ́rẹ́ àti síríńjì onígíláàsì nínú omi híhó, èmi náà ni mo sì ń di ọgbẹ́ àwọn tí epo pupa tàbí agbada gàrí bá jó. Ẹni tó bá ti rí awọ ọwọ́ tó bó bí èèpo iṣu sísè kò ní bi mí léèrè ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti bàbá rẹ̀. Ó ti parí ilé ìwé girama, ó ń retí ilé ìwé olùkọ́ tí kò pè é. Ìjọba ológun ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ọkọ̀ ẹja yìnyín kò sì wá sí Ore déédéé mọ́. Tó bá dé, àwọn tó ti tò láti ìdájí nìkan ló ń rí i rà, sójà a sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ẹgba. Ọmọ mi kò bá ẹnikẹ́ni tò. Ó mú ìwọ̀ àti okùn tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gba odò tó wà lọ́nà Ajue lọ.

Ohun tí yóò fi sẹ́nu ìwọ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ekòló a wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ẹni tó ń wá a a gbẹ́lẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga. Ìwọ̀nba tó bá sì rí, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ a ti tú u jẹ kúrò lẹ́nu ìwọ̀ kí ẹja àrọ̀ tó mọ̀ pé oúnjẹ wà. Lọ́jọ́ kan, ó rí ekòló kan tó há sára ẹ̀ka igi létí odò. Ó fà á, kò já. Rọ́bà ni. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó ń gé gẹdú ló pàdánù rẹ̀ síbẹ̀. Ó mú un wálé, ó fi í sínú abọ́ omi, ó ń rú omi náà díẹ̀díẹ̀. Ìrù ekòló náà tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó ń mì bí ohun tó ní ẹ̀mí.

"Màmá, ẹ wò ó," ó ní. "Ìrù yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà."

Kò pẹ́ tó fi fi sìmẹ́ńtì ṣe mọ́ọ̀dù, bíi ti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àmọ́ tirẹ̀ kéré, ó là sí méjì bí obì, ihò tó rí bí ekòló sì wà láàrin. Tó bá pa á pọ̀, á fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í. Ó ń ṣa bàtà rọ́bà tó ti já kiri àdúgbò, irú èyí tí gbogbo wa ń wọ̀ nígbà náà nítorí pé bàtà awọ ti wọ́n. Á gé wọn sínú agolo mílíìkì, á sì yọ́ wọn lórí èédú. Mo ní ọ̀kan tí okùn rẹ̀ ti já, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ oko. Ojú ọmọ mi kì í kúrò lára bàtà náà.

"Màmá, àwọ̀ ekòló gan-an nìyẹn."

Mo ti bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi kó ohun tí yóò jó ọmọ mi fún un. Mo gbà kí ó ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni, ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, nítorí èéfín rọ́bà kò dára fún àyà. Kó wọ ẹ̀wù alápá gígùn bàbá rẹ̀. Kí korobá yanrìn wà nítòsí. Kò jiyàn sí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Rọ́bà tó yọ́ kì í ṣàn bí omi. Ó ki bí ẹ̀kọ tó ti ń tutù. Tó bá dà á sínú mọ́ọ̀dù, rọ́bà á dì kí ó tó dé ìrù, ekòló a sì jáde bí ìka tí a gé lórí. Ó nílò ohun tí yóò ti rọ́bà náà wọlé kíá. Bí ọ̀rọ̀ síríńjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mú onígíláàsì kan tí etí rẹ̀ ti sán wálé, èyí tí ọ̀gá mi ní kí n sọ nù, kí ojú mi lè wà níbẹ̀ tó bá ń dán an wò. Mo fi àkísà wé e fún un. Bó ti fa rọ́bà gbígbóná sínú rẹ̀ báyìí, ó dún páà, ó fọ́ sínú àkísà. Oníke tó tún dán wò rọ̀ bí ewé tí a nà sórí iná. Ti páńpù kẹ̀kẹ́ ló burú jù. Awọ inú rẹ̀ jó, rọ́bà sì gba ẹ̀yìn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tì í. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ó lọ máa ju ìwọ̀ lásán.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n mọ ohun tí ara wọn ò gbà," ó dá mi lóhùn. "Mo ti ń mọ̀ ọ́n nìyí."

Bàbá rẹ̀ ló gbé òmíràn wá láti oko. Páńpù idẹ ni, ọ̀kan tí ó fi ń fọ́n oògùn sí kòkó kí ó tó ra tuntun. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Nọ́ọ̀sì," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "èyí kì í ṣe gíláàsì o. Kò ní fọ́, kò ní yọ́, kò ní bá ẹ jiyàn."

"Oògùn kòkó ló ń gbé inú rẹ̀ látijọ́."

"Mo ti fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́. Gbóòórùn rẹ̀ wò, kò rùn mọ́."

"Ṣé imú lẹ fi ń mọ májèlé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní tiwa níbẹ̀, kò sí ilé tí kò ní páńpù kòkó. A ti bá a gbé pẹ́ débi pé tí ó bá gbó, àwọn kan a máa fi bu omi sí ẹ̀fọ́, wọn a ní àwọn ti fọ̀ ọ́. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé páńpù náà ṣiṣẹ́. Ekòló tó kọ́kọ́ ti inú rẹ̀ jáde ní ìrù títí dé ṣóńṣó. Ojú ọmọ mi tàn. Èmi náà rí i pé ó dára.

Ó gbé ekòló náà sókè, ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí.

"Màmá ní májèlé wà níbẹ̀, Bàbá ní kò sí. Ẹ jẹ́ ká bi ẹja."

Ó bu omi odò sínú abọ́ méjì, ó kó ọmọ ẹja ẹpìyà sí i. Ó ju ekòló páńpù sínú ọ̀kan. Ó ju ekòló kúkúrú tó fi ọwọ́ dà, tí a gé lára bàtà kan náà, sínú èkejì. Ó ní bí nǹkan bá yàtọ̀, páńpù nìkan ló fa ìyàtọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìrònú yẹn? Mi ò kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ò kọ́ ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹja abọ́ ekòló kúkúrú ń lúwẹ̀ẹ́. Ti abọ́ ekòló páńpù ti dojú ikùn sókè. Bàbá rẹ̀ bọ́ fìlà. Ọmọ mi tú páńpù náà, ó fa awọ inú rẹ̀ jáde, ó fi igi gbé e sókè. "Awọ yìí ló ń mu oògùn kòkó láti ọjọ́ yìí wá. Ọṣẹ ò lè dé inú rẹ̀." Ó gbẹ́ kòtò jíjìn lẹ́yìn ilé, níbi tó jìnnà sí odò, ó sin awọ náà, àwọn ẹja tó kú, àti ekòló rẹ̀ tó lẹ́wà, kí adìyẹ má baà tú wọn jẹ. Kò sunkún. Ojú tèmi ni omi lé sí.

Mo bá a lọ sí Ore fúnra mi, sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó ń ṣe àlùwàlá nígbà tí a dé, a dúró dè é títí ó fi kírun tán. Ó gbé nǹkan méjì síwájú wa. Ọ̀kan ni ohun tí àwọn mẹkáníìkì fi ń ti gírísì sí ẹsẹ̀ mọ́tò, ó tóbi, ọwọ́ rẹ̀ gùn. Èkejì ni páìpù irin kékeré, kò ju ìka àárín mi lọ, irin mìíràn ń wọ inú rẹ̀ gẹ́ẹ́ bí odó àti ọmọrí rẹ̀.

"Ìyá wa, èwo lẹ fẹ́?"

"Ńlá," ni mo ní. "Ọwọ́ rẹ̀ á jìnnà síná."

Ọmọ mi gbé ńlá náà, ó wo inú rẹ̀. "Màmá, kí n tó ti ìdajì jáde, ìyókù á ti dì. Mo gbọ́dọ̀ gbé e sórí iná padà kó tún yọ́, nínú irin tí a dé pa. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Mi ò fẹ́ ìyẹn.

"Kékeré yìí gba ti ekòló kan péré. Tí mo bá fà á, tí mo tì í, ó tán."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ó ti sún mọ́ ọn jù."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká kúkú fi páànù bo ọmọ yìí látorí dé ẹsẹ̀, kó jọ ilé ajá!"

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó àwo irin mọ́ ọn lọ́rùn, níwájú ibi tí ọwọ́ mi á wà. Tó bá tú padà, àwo ni yóò bá." Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí páìpù náà ti ṣe rí. Wẹ́dà ní ìyókù iṣẹ́ géètì ni, tuntun ni. Síbẹ̀ ó wo inú rẹ̀ bóyá awọ wà níbẹ̀.

"Ẹja ni o máa fi san án," ni wẹ́dà wí. "Àrọ̀ gidi o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́."

Nígbà tí a ń padà, sójà dá ọkọ̀ wa dúró ní oríta. Ó tú àpò ọmọ mi, ó fa páìpù náà jáde. "Mama, wetin be dis?" Ọmọ mi rọra mú ọ̀kan nínú àwọn ekòló rọ́bà kúkúrú rẹ̀ jáde, ó gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Sójà fò sẹ́yìn, ekòló fò lọ sínú koríko. Ó ju páìpù náà padà sí wa, ó ní kí a máa lọ, kíá! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ àfi ìgbà tí a kọjá ilé epo. Mo di àpò náà mú títí a fi dé Odigbo.

Ó dáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fa rọ́bà sínú síríńjì tuntun, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò mọ́ọ̀dù, ó tì í. Ó dún ṣàà! Rọ́bà gbígbóná tú padà. Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan kan. Lórí àwo irin náà, ní ibi tí ìka rẹ̀ ìbá wà gan-an, rọ́bà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣì ń rú èéfín.

"Mọ́ọ̀dù ni kò gbẹ," ó ní, ó ti ń tú u wò. "Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀, omi ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó gbẹ dáadáa."

A jókòó tì í títí ó fi gbẹ. Nígbà tó tún tì í, kò dún. Ó tú mọ́ọ̀dù, ekòló jáde, ìrù rẹ̀ pé, ó ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde, mo wọlé, mo fa bàtà mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Gé e kí n tó gbà á padà."

Ó fi ìfun ẹja ra ara ekòló pupa tó fi bàtà mi ṣe, kí ó lè rùn bí oúnjẹ, kí ó tó lọ sódò. Àrọ̀ tó kọ́kọ́ fi í mú gùn tó apá mi, a kò sè é. A gbé e lọ sí Ore láàyè nínú korobá, ìwọ̀ àti ekòló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí mo ní kí ó má fi ọwọ́ sẹ́nu ẹja yẹn. Wẹ́dà ya ẹnu ẹja náà, ó yọ nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Ẹ gbà mí o! Bàtà ta lẹja yìí jẹ?"

"Tèmi ni," mo dá a lóhùn.