Ìyá Aránṣọ Tan Iná Ọkọ̀ Rélùwéè

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni ọkọ Ìyá Aránṣọ fi wa ọkọ̀ rélùwéè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé rò pé á jókòó, á máa sinmi. Àgbẹdọ̀! Oṣù kan kò pé tó fi gbé tábìlì gbọọrọ wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn tẹ́lẹ̀, ó to ojú irin kéékèèké yí i ká, ó sì gbé ọkọ̀ rélùwéè kan lé e tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ni àwọn aládùúgbò bá sọ ọ́ ní Dírẹ́bà Orí Tábìlì.

Ìyá kò bá a jà. Abẹ́ fèrèsé yàrá kan náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wà. Bí tirẹ̀ ṣe ń ró gán-án-gán-án, ni ti ọkọ rẹ̀ ń ró wùùù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀: ìyá kò fọwọ́ kan ọkọ̀, baba kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, gílóòbù iwájú ẹ́ńjìnnì jó. Dírẹ́bà ní kékeré ni. Ó mú gílóòbù tuntun tí kò ju hóró ìrẹsì lọ jáde látinú agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú síkúrúù. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Síkúrúù bọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó rí i. Ó bọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi orúnkún wá a lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fa aṣọ bo ẹ́ńjìnnì, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀.

Ìyá dá ẹ̀rọ dúró. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Òun náà ni ọkọ rẹ̀ gbé wálé lọ́jọ́ tó dá kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ padà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì o."

"Ta ló ń bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tí bọ́tìnnì yín bá já?"

Baba rẹ́rìn-ín tipátipá, ó ṣí aṣọ náà.

Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún nídìí abẹ́rẹ́ ti kọ́ ìka ìyá yìí bí a ṣe ń wọ ibi tóóró. Ó tẹ́ aṣọ funfun kí síkúrúù tó bá bọ́ má baà rí ibi sá sí. Ó wọ awò ojú, ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ṣí ìkòkò. Baba dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Rọra. Wáyà yẹn tín-ín-rín. Má fà á. Mo ní má fà á!"

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó jókòó.

Ìyá fi ẹ̀mú kékeré yọ gílóòbù tó jó, ó ti tuntun bọ ihò, ó fi irin gbígbóná àti òjé díẹ̀ lẹ wáyà méjèèjì mọ́lẹ̀, bó ti máa ń rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe é. Baba gbé e sójú irin, ó tanná sí i. Ẹ́ńjìnnì rìn. Iná kò tàn.

"Mo ti bà á jẹ́," ni ìyá wí.

Ṣùgbọ́n baba ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. "O ò ba nǹkan kan jẹ́. Ọ̀dà ló wà lára wáyà yìí. A máa ń ha á kúrò, kí iná tó lè kọjá."

"Ẹ sì wò mí níran, ẹ ò sọ!"

"Ìwọ kọ́ lo ní kí n jókòó?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá mú abẹ tó fi ń já òwú, ó ha ẹnu wáyà títí ó fi ń dán, ó tún un lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, iná tàn rokoṣo. Baba pàtẹ́wọ́, ó fa àga rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe ló yẹ kó wà á."

"Èmi kẹ̀?"

Ìyá wà á ní àwàsáré, ọkọ̀ ṣubú níbi kọ́nà àkọ́kọ́. Baba gbé e dìde. "Dín eré kù kó o tó dé ibẹ̀." Nígbà tí ìyá yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ kò ṣubú mọ́. Ó tún yí i, ó tún yí i.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin wọn pè, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún ìyá òun.

"Kò ráyè," ni baba dáhùn. "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wa ọkọ̀ rélùwéè."